Òfin Tí Aláṣẹ Òfurufú Ṣe Fún Àwọn Ohun Èlò Orin

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, n kò wọ bàálù rí. Ikùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Bí ẹ bá ní kí n júwe ìjókòó inú rẹ̀ fún yín, irọ́ ni n óò pa. Ṣùgbọ́n bó bá di ibi tí wọ́n ń kó àpò àti àpótí sí, èmi ni kí ẹ bi, torí ibẹ̀ ni ẹ̀yìn mi ti tẹ̀. Alábàárù ni mí ní pápákọ̀ òfurufú. Àwa ni ẹ máa ń wò láti ojú fèrèsé bàálù, tí ẹ ó máa sọ fún ara yín pé, "Ẹ ò rí i bó ṣe ń ju àpótí mi." Òótọ́ ni. À ń jù ú.

Nítorí náà, kì í ṣe irú mi ló yẹ kó máa sọ ìtàn àwọn ènìyàn ńlá. Ṣùgbọ́n ìtàn ọ̀gá wa yìí, ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe ọwọ́ nìkan, èjìká àti orúnkún mi náà wà níbẹ̀. Èyí tí n kò fojú rí níbẹ̀, àwọn tó rí i ti sọ ọ́ fún mi, mo sì ti fi iyọ̀ tèmi sí i.

Ọ̀gá náà ga, ó sanra, ikùn rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Alábòójútó pápákọ̀ ni ìjọba pè é nígbà tí wọ́n gbé e wá, ṣùgbọ́n ó ní orúkọ náà há mọ́ òun lára bí ẹ̀wù ọmọdé. Ó wá fún ara rẹ̀ ní Aláṣẹ Òfurufú. Níbi iṣẹ́ mìíràn, àwọn òṣìṣẹ́ a máa ní orúkọ yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń pe ọ̀gá wọn lẹ́yìn. Àwa ò ní. Ẹ̀rù ò jẹ́ ká ní. Bí a bá wà nínú ilé ìyàgbẹ́ pàápàá, tí a ti ilẹ̀kùn, "Aláṣẹ Òfurufú" náà ni à ń wí, a ó sì tún rẹ ohùn sílẹ̀.

Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó máa ń bá wa sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ẹrù. Kò síbi gíga kankan níbẹ̀ àfi orí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àpótí, orí rẹ̀ ló sì máa ń dúró sí. Bí ó bá ti gorí rẹ̀, nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ á tàn pupa lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wa á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara wa.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó wí ní ọjọ́ kan báyìí, "ẹyẹ tó bá fò kọjá lórí pápá yìí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi, ẹyẹ náà mọ ohun tó ń fà lẹ́sẹ̀. Ìkùukùu tí ẹ̀ ń wò lókè yẹn, èmi ni mo fojú fò ó tó fi ṣì wà níbẹ̀."

Ó ní akọ̀wé kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná. Iṣẹ́ akọ̀wé yìí gan-an ni kó mọ ibi tí gbólóhùn ọ̀gá parí sí, kí àtẹ́wọ́ má baà pẹ́. Bó bá ti pàtẹ́wọ́ ni àwa náà á gbà á. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, omi ń dà lójú ọ̀rẹ́ mi kan tí à ń pè ní Ejìká bó ti ń pàtẹ́wọ́. Eruku ló wọ̀ ọ́ lójú. Aláṣẹ rí omijé náà, ó ní ọkùnrin yìí lóye ọ̀rọ̀, ó sì fi í ṣe olórí àwa alábàárù lójú ẹsẹ̀. Bí Ejìká ṣe di ẹni ńlá nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, àwa yòókù náà ń wá eruku kiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfin ṣe bẹ̀rẹ̀. Aláṣẹ lọ sí ìpàdé ní ìlú mìíràn. Ó ní fìlà kan tó ga, tí wọ́n fi òwú wúrà ṣiṣẹ́ sí lára, tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Nínú bàálù, ó gbé e sí àjà tó wà lókè orí. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ fèrè fífọn gbé àpótí fèrè tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí bàálù balẹ̀, fìlà ti pẹlẹbẹ bí ìwé. Aláṣẹ gbé fìlà náà lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé òkú ẹyẹ, ó rìn bẹ́ẹ̀ dé ọ́fíìsì, ó sì pe akọ̀wé.

Ó ní kó kọ ọ́ pé láti ọjọ́ náà lọ, ohun èlò orin kankan, ìbáà ṣe èyí tí a ń fọn, ìbáà ṣe èyí tí a ń ta, kò gbọdọ̀ bá ènìyàn jókòó nínú bàálù tó bá gbéra ní pápákọ̀ òun. Ikùn ni kí gbogbo wọn wọ̀. Akọ̀wé rọra béèrè pé ẹni tó bá ti ra ìjókòó fún ohun èlò tirẹ̀ ńkọ́. Aláṣẹ ní kí ìjókòó náà ṣófo, òfìfo náà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún òfin.

Kí ló kù tí a ò rí? Ọkùnrin kan mú fèrè kékeré kan tó ń fi ẹnu fà wá, inú àpò ẹ̀wù ló wà. A gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a so káàdì ẹrù mọ́ ọn, káàdì náà tóbi jù ú lọ, àwa méjì la sì gbé e. Lẹ́yìn èyí, àwọn òṣìṣẹ́ ibi tíkẹ́ẹ̀tì rí obìnrin kan tó ń kùn orin sábẹ́ ahọ́n, wọ́n sì ránṣẹ́ lọ bi Aláṣẹ bóyá ọ̀fun jẹ́ ohun èlò orin. Ó fi gbogbo ọ̀sán rò ó. Nígbà tó yá, ó dájọ́ pé ọ̀fun lè wọ bàálù, bí olówó rẹ̀ bá lè pa á dé.

Èmi gan-an ni mo fa apá kejì òfin náà. Mo gbé àkọ́díọ̀nù kan lọ́jọ́ kan, ohun èlò tí wọ́n ń fà gùn tí wọ́n sì ń fún pọ̀ kó tó dún, bó ti fẹ̀gbẹ́ nínú àpótí rẹ̀ ló kérora bí aláìsàn. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ kí n wo ohun tó ń ṣe é. Kò sígbà tí Aláṣẹ kì í kọjá níbi tí kò yẹ, ó dé bá mi níbi tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí.

"Ta ló ní kí o gbọ́?" ó bi mí. "Iṣẹ́ yín ni kí ẹ gbé, kì í ṣe kí ẹ gbọ́. Ohun èlò orin ni, kò sí bí kò ṣe ní dún. Bó bá dún, ẹ gbé e. Bó bá sunkún, ẹ gbé e. Bó bá pe orúkọ ìyá yín, ẹ gbé e."

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ẹrù, lẹ́tà rẹ̀ tóbi débi pé èmi tí n kò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kà á láìkọsẹ̀.

Ìgbà tó yá, ìròyìn dé pé Mínísítà ń bọ̀. Ìjọba fẹ́ yan ẹnì kan tí yóò jẹ́ olórí gbogbo pápákọ̀ òfurufú ilẹ̀ náà, Mínísítà á sì wá kéde rẹ̀ ní pápákọ̀ tiwa. Àwọn tó mọ̀ sọ pé Aláṣẹ ni. Òun fúnra rẹ̀ ò sùn mọ́. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún awakọ̀ rẹ̀ pé ó máa ń dúró níwájú dígí nílé, tí á máa sọ pé, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ jókòó," bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò dìde fún un. Wọ́n gbé àga tuntun wá fún un, ó ní kí wọ́n gbé e padà, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ga tó. Gbogbo ayé rẹ̀ dúró lórí ọjọ́ kan yìí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn akọ̀ròyìn ti kún ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kámẹ́rà wọn. Ìgbà náà ni obìnrin kan dé tí à ń pè ní Ìyá Onígòjé láti ọjọ́ yẹn. Àgbà obìnrin ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gòjé tirẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbé há àgbọ̀n. Gòjé àgbà ni, ó ga ju ọkùnrin lọ, ìdúró ni wọ́n ti ń ta á. Àpótí rẹ̀ ga, ó le, wọ́n sì fi fẹ́lífẹ́ẹ̀tì pupa tẹ́ inú rẹ̀. Ó ti ra ìjókòó méjì, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún gòjé. Àpótí nìkan ló fẹ́ kó wọ ikùn, a sì ti so káàdì mọ́ ọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ sọ fún un pé gòjé náà gbọ́dọ̀ padà sínú àpótí. Ó ní òun ò lè gbà. Ó ṣàlàyé pé ìgbà kan tó wọ ikùn bàálù, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, ọdún gbáko lòun fi wá ẹni tó lè so ó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ olórin kan fẹ́ gbọ́ ọwọ́ òun ní ìlú kejì, bóyá wọ́n á gba òun síṣẹ́. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó tún ń wá àgbà obìnrin. Bí ọrùn gòjé bá tún ṣẹ́, iṣẹ́ tán nìyẹn. Kò pariwo. Ó kàn dúró ti gòjé rẹ̀, ó sì gbá a mọ́ra.

Àwọn akọ̀ròyìn tí kò tíì ríṣẹ́ ṣe yí kámẹ́rà sí i. Aláṣẹ wà lókè, ó ń yọjú ní fèrèsé. Nígbà tó rí i pé kámẹ́rà ti kúrò lọ́dọ̀ òun, ó sọ̀ kalẹ̀ kíá, fìlà tuntun lórí, akọ̀wé lẹ́yìn.

"Màmá, ẹ fara balẹ̀," ó wí, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ikùn bàálù wa kì í ṣe ikùn lásán. Yàrá àlejò ni. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, ibẹ̀ parọ́rọ́. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ìlú tó wà lọ́rùn mi, ibẹ̀ ni èmi náà ì bá máa wọ̀. Àpótí yìí gan-an, mo lè sùn nínú rẹ̀ kí n máa lá àlá."

Akọ̀ròyìn kan béèrè bóyá àwọn lè ya àwòrán Aláṣẹ nínú àpótí náà.

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wò ó. Ẹni tó gbọ́n á rẹ́rìn-ín, á ní ó dọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń bá dígí sọ̀rọ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ kámẹ́rà. Aláṣẹ bọ́ bàtà, ó wọ inú àpótí, ó fa ikùn wọlé. Akọ̀wé ní ó yẹ ẹ́, ó ní ó dà bíi pé ara rẹ̀ ni wọ́n fi wọn àpótí náà. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ó pa ojú dé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá ní kí wọ́n pa ìdérí dé díẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe parọ́rọ́ tó. Akọ̀wé pa á dé, ó sì tẹ gbogbo irin tó ń de ìdérí náà há.

Bí irin ìkẹyìn ti há báyìí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé bàálù Mínísítà ti balẹ̀ ṣáájú àkókò. Ariwo sọ. Àwọn akọ̀ròyìn sáré. Akọ̀wé sáré lọ gbé agbòjò. Olúkúlùkù rò pé ẹnìkejì òun ló máa ṣí àpótí. Obìnrin tó wà níbi tíkẹ́ẹ̀tì wá ṣẹ́jú sí Ìyá Onígòjé pé kó máa gbé gòjé rẹ̀ wọlé, níwọ̀n ìgbà tí ojú ò sí níbẹ̀. Ìyá ò dúró béèrè ìdí. Ó gbé e pọ̀n, ó wọlé.

Ìgbà náà ni èmi àti Ejìká dé láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù. A ò mọ nǹkan kan. A bá àpótí gòjé nílẹ̀, káàdì wà lára rẹ̀. A gbé e dé gbọ̀ngàn ẹrù. Ó wúwo. Mo ní gòjé tí mo mọ̀, inú rẹ̀ máa ń ṣófo. Ejìká ní bóyá láyé òde òní wọ́n ti ń ki nǹkan bọ inú rẹ̀.

Àpótí bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣí i." Ó tún ní, "Èmi ni o."

Ejìká wò mí. Ó ní ohùn yìí jọ ti Aláṣẹ Òfurufú. Mo dá a lóhùn pé kò sí ohun tó ń pariwo tí kò jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ara ti mọ̀ ọ́n: kí a tó mọ ohun tí à ń ṣe, àwa méjèèjì ti gbé àpótí kalẹ̀, a ti tẹríba fún un. Bí a ṣe tẹríba ni a kọjú sí ògiri, ohun tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀ sì ń wò wá. Bó bá dún, ẹ gbé e.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni?" àpótí béèrè.

"A ò gbọ́ yín, sà," Ejìká dáhùn, ó ṣì tẹríba.

A bá gbé e. A tọ́jú rẹ̀ o, a ò jù ú. Apá ibi tí atẹ́gùn wà, tí wọ́n ń kó ajá sí, la gbé e sí, ẹ̀gbẹ́ ajá ńlá kan nínú àgò. Títí a fi ti ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì ń gbó.

Ní apá kejì pápá, Mínísítà ti jókòó, àga Aláṣẹ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó béèrè ibi tí alábòójútó wà. Akọ̀wé ní Aláṣẹ lọ tún ojú ọ̀run ṣe nítorí Mínísítà. Bó ti ń sọ ọ́, bàálù Ìyá Onígòjé gbéra, ó kọjá lórí wọn. Wọ́n dúró, wọ́n mu omi, wọ́n tún dúró. Mínísítà bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú kejì, àwọn alábàárù ibẹ̀ ló fi fóònù ròyìn rẹ̀ fún wa, wọn ò sì lè sọ ọ́ tán fún ẹ̀rín. Àpótí jáde lórí rọ́bà tó ń gbé ẹrù yí ká. Ó ń lu ara rẹ̀ látinú, àwọn èrò sì ń sá fún un. Ọ̀gá tó ń ṣọ́ ẹrù ní kí wọ́n ṣí i. Aláṣẹ yọjú síta. Fẹ́lífẹ́ẹ̀tì pupa lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀, bàtà ò sí, fìlà ti pẹlẹbẹ. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹni tí òun jẹ́. Olùṣọ́ ẹrù ní kó mú tíkẹ́ẹ̀tì jáde, kí àwọn lè mọ̀. Kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Olùṣọ́ wo káàdì ara àpótí, ó kà á pé ẹrù ni, olówó rẹ̀ ló sì lè gbà á.

Ìyá Onígòjé ti dúró níbẹ̀, gòjé lẹ́yìn rẹ̀, láìfarapa. Olùṣọ́ bi í bóyá òun ló ni ín.

"Àpótí ni tèmi," Ìyá wí. "Ohun tó wà nínú rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n."

Aláṣẹ kúnlẹ̀ nínú àpótí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sáà sọ pé ẹ̀yin lẹ ni mí."

"Ọmọ mi," Ìyá wí jẹ́jẹ́, "bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, inú ikùn náà ni wọ́n máa ní kí n gbé ẹ padà sí tí mo bá ń lọ sílé. Òfin ni. Dìde, jọ̀ọ́, àwọn ènìyàn ń retí mi."

Ó dìde. Ìyá gbé gòjé rẹ̀ sínú àpótí, ó lọ. Ó ta gòjé náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sì gbà á síṣẹ́. Ó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ di ìsinsìnyí.

Aláṣẹ ní kí wọ́n bá òun pe nọ́ńbà akọ̀wé. Ọwọ́ akọ̀wé ò sì ṣófo rárá, agbòjò wà ní ọ̀kan, àwo wà ní èkejì. Fóònù ń dún ní àpò àyà rẹ̀ títí ó fi sú Mínísítà, Mínísítà fúnra rẹ̀ nawọ́ mú un, ó gbé e sétí. Aláṣẹ ò dúró kí ẹnikẹ́ni kí i.

"Ìwọ olórí kunkun, ibo lo wà?" ó wí. "Wọ́n kó mi mọ́ ẹrù. Mínísítà yẹn ò gbọdọ̀ gbọ́ o. Sọ fún un pé mo wà nípàdé. Ṣáà máa yìn ín, máa yìn ín títí orí ẹ̀ á fi wú. Òpè ni, ohun tí o bá dà sí i létí ló máa gbé lọ."

Mínísítà gbọ́ ọ tán. Ó ní kó fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù ní fóònù. Ó bi ọkùnrin náà pé kí ni wọ́n máa ń ṣe sí ẹrù tí kò ní olówó. Ọkùnrin náà ní yàrá kan wà tí wọ́n ń kó o sí, títí ẹnì kan yóò fi wá, tí yóò júwe rẹ̀.

"Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é," Mínísítà wí.

Ó dìde, ó sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé ipò tuntun náà ṣì ń wá ẹni tó yẹ, àti pé ipò alábòójútó pápákọ̀ yìí náà ti ń wá ẹni láti ìṣẹ́jú yẹn lọ. Akọ̀wé ti ju agbòjò àti àwo sílẹ̀, ó ti pàtẹ́wọ́ kí ó tó mọ ohun tó gbọ́.

Wọ́n rán ìgbìmọ̀ wá wádìí wa, èmi àti Ejìká. Wọ́n bi wá bóyá a gbọ́ ohùn nínú àpótí. A ní rárá. Wọ́n ka ohun tó wà lára ògiri, wọ́n mi orí, wọ́n kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé àṣẹ ni wá, etí wa kò sì rú òfin rí. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi pẹ̀lú ìyangàn. Ó ní òun ti mọ̀ pé n kì í gbọ́ràn, òun ò kàn mọ̀ pé ìjọba máa gbà á gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ni.

Ìyàwó Aláṣẹ ló lọ gbà á. Ojú títì ló fi mọ́tò gbà lọ. Ó bá ọkọ rẹ̀ ní yàrá ẹrù tí kò ní olówó, ó jókòó láàárín àwọn agbòjò àti bàtà ẹsẹ̀ kan, ilẹ̀kùn onírin wà láàárín wọn. Olùṣọ́ ní kí màdáàmù má bínú, òun ò lè fi nǹkan lélẹ̀ fún ẹni tí kò bá júwe rẹ̀.

"Ó tóbi," ìyàwó wí. "Ó máa ń dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá sì fọwọ́ lù ú, ẹ ó gbọ́ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Olùṣọ́ ní ó ti tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì bá a gbé e dé ìdí mọ́tò.